Ojú La Fi Gbọ́

Ìyá ìyá mi kì í fi ohùn pe èèyàn wá jẹun.
Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
yóò la ètè, yóò pa á dé,
àwa ọmọ á sì ti dé ìdí tábìlì.
Àlejò á ní, "Ṣé odi ni màmá yìí ni?"
Rárá o. Ilé iṣẹ́ júùtù ló kọ́ ọ.

Ní Dundee, létí odò Tay,
irinwó ẹ̀rọ ìhunṣọ wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo,
wọ́n ń ro gbàgà-gbàgà bí òjò yìnyín lórí páànù,
láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.
Bí o bá ké "Iná!" níbẹ̀, ìwọ nìkan lo mọ̀.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà;
ibẹ̀ nìkan ló kù fún ọ̀rọ̀ láti sá sí.

Epo àbùùbùtán ni wọ́n fi ń mú òwú ìdọ̀họ rọ̀,
òórùn rẹ̀ ń bá obìnrin dé orí ibùsùn,
ó ń bá a dé ṣọ́ọ̀ṣì.
Àbùùbùtán: orúkọ ẹja yẹn, orúkọ iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú.
Àwọn ọkọ wà nílé, wọ́n ń se omi tíì.
Ọ̀gá kò fẹ́ ọkùnrin; owó obìnrin ló kéré.

Nígbà òtútù kan, wọ́n kan ìwé mọ́ géètì:
a ó máa yọ ṣílè kan nínú ogún ṣílè yín.
Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀.
Euphan Doig kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì
nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn,
ó wọlé, ó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀,
ó gbójú sókè.

Mísítà Scrymgeour, alábòójútó, ń rìn láàárín wọn,
ó káwọ́ sẹ́yìn, ó fi òwú dí etí.
Kò mọ̀ pé níwájú òun gan-an ni ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.
*Fúráídè*, ni ètè Euphan wí. *Agogo kejì. Ẹ pa ẹ̀rọ.*
Grizel Petrie gbà á, ó sọ ọ́ sí Jean Cargill.
Ṣùgbọ́n Teenie Lorimer, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
tó ń gun àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó òwú,
ṣì í kà. *Búrẹ́dì* lòun rí.
Ó sì gbé búrẹ́dì lọ láti ìlà dé ìlà,
títí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fi rò pé wọ́n fẹ́ pín oúnjẹ.
Kò burú. Wọn kò ṣì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Agogo kejì lù.
Irinwó ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí òjò ṣe ń dá.
Ẹ̀rù bà wọ́n.
Ẹnìkan wúkọ́, gbogbo ilé gbọ́.
Ẹyẹ kan ń ké lókè àjà;
ta ló mọ̀ pé ó ti ń ké níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá?
Euphan sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ha díẹ̀.
Grizel tẹjú mọ́ ọn: "Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́.
Ṣé ohùn rẹ nìyí?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.
Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìyá ìyá mi a máa wí,
kì í ṣe inú ìwé tí a ń san pẹ́nì kọ̀ọ̀kan sí lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fi bàtà yá owó,
wọ́n fi aago ọkọ yá owó.
Ọ̀gá dá ìdajì padà, ó ní àánú ló ṣe òun.
Kò sí ilé iṣẹ́ kan létí odò náà tó tún gba Euphan.
A gbọ́ pé ó ń fọṣọ ní Arbroath.
A gbọ́ pé ó kú.

Teenie tó ṣi ètè kà, òun ni ìyá ìyá mi.
Ní alẹ́ tó lò kẹ́yìn, ohùn ti tán lọ́fun rẹ̀,
àwọn nọ́ọ̀sì ní kò sọ nǹkan kan.
Mo jókòó sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó mi.
Ètè rẹ̀ mì.
Búrẹ́dì ni mo kà.
Tàbí Fúráídè.