Ọdún Mọ́kàndínlógún Nínú Àká

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi
lọ rẹ́ irun àgùntàn ní Magallanes,
Renólétà ò kúrò nínú àká.
"Ó di Oṣù Kẹta," ló wí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ.
Oṣù Kẹta mọ́kàndínlógún ti gorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn.
Ìyá mi ń to àpò ọ̀dùnkún lé e lórí lọ́dọọdún.
Òjò Chiloé, tí kì í béèrè bóyá a ti múra,
ń gba àlàfo pákó wọlé,
títí ilẹ̀kùn mọ́tò fi ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Lọ́dún yìí mo ka owó inú agolo mílíìkì:
ọ̀kẹ́ méjì pésò, kò lé kan.
Eliecer Chiguay, tó ti tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ṣe
títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀,
wo owó náà, ó wo mọ́tò, ó wò mí.
"Èyí ò tó wo aláìsàn," ó ní,
"ṣùgbọ́n ó tó láti bẹ̀ ẹ́ wò."

Má fipá yí i. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.
A tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ro ọ́ìlì sínú ihò kọ̀ọ̀kan,
a fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta,
bí ìgbà tí a bá fi òróró wọ́ orúnkún arúgbó.
Lọ́jọ́ kẹrin mo ki irin gígùn bọ imú mọ́tò,
mo rọra fà á. Ó kọ̀. Mo tún fà á.
Nǹkan kan mí nínú lọ́hùn-ún.
Ọwọ́ mi ló gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́.

Epo inú táńkì ń rùn bí ọ̀dà pósí; a dà á nù.
Eku ti kọ́lé sínú asẹ́ atẹ́gùn,
ó fi ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ, iye owó ẹja ọdún náà ṣì hàn.
Mo fi fáìlì èékánná ìyá mi họ ojú kọ́ńtáàtì.
Rọ́bà epo: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Púlọ́ọ̀gì: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, mo ná an títí ẹnu mi fi gbẹ.
Táyà méjì: àpò ọ̀dùnkún mẹ́ta,
lọ́dọ̀ ọmọ Millalonco tí mọ́tò tirẹ̀ ti sùn ju tiwa lọ.
Kábúrétọ̀ jẹ ìyókù, ó sì jẹ ẹ́ tán.
Bátìrì, a yá a lára ọkọ̀ apẹja Rosa Ester:
kí omi òkun tó kún, kó ti padà sínú ọkọ̀.
Bíréèkì?
Owó tán ká tó dé ọ̀dọ̀ bíréèkì.
"Ká kọ́ ọ ní lílọ ná," Eliecer ní.
"Dídúró, ó mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ ọ."

A so wáyà méjì pọ̀
(kọ́kọ́rọ́ wà ní Magallanes, tàbí nísàlẹ̀ òkun,
tàbí nínú dúrọ́ọ̀ obìnrin kan).
Ó wúkọ́. Ó dákẹ́.
Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, adìyẹ gba orí wa fò jáde,
ó wá ń gbọ̀n, gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, pà! gbọ̀n-gbọ̀n.

Ìyá mi jáde látinú ilé ìdáná.
Edelmira kì í pariwo.
Ó nu ọwọ́ sára épúrọ́ọ̀nù, ó rìn yí mọ́tò ká.
Mo ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún fún un,
níbi tó máa ń jókòó sí, báàgì lórí itan,
nígbà tí bàbá mi ń wà á.
Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.
"Kúrò lọ́nà," ó wí fún mi.
Ó jókòó sídìí sítẹ́ríǹ,
ó di gíà mú, tó yọrí bí ọwọ́ agbòjò,
ó ti í sí ipò kìíní láì bi ẹnikẹ́ni.
Ta ló kọ́ ọ? Nígbà wo?

Mọ́tò fò jáde, ó ré kọjá igi ápù,
Eliecer ń sáré lẹ́yìn rẹ̀: "Kò ní bíréèkì o!"
Èmi ń wo òkun, omi ti ń kún.
Òkìtì ewé òkun tí a sá sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló gbà á mọ́ra,
ó wọ inú rẹ̀ dé gíláàsì.
Ẹ́ńjìnnì ò kú.

Ìyá mi yọrí lójú fèrèsé, ewé òkun nínú irun rẹ̀.
"Èyí tó ń mú un padà sẹ́yìn," ó ní,
"apá ibo ló wà?"