Kọfí Helmi

Òjò dídì bo fèrèsé ní Oulu.
Tuulikki lẹ wáyà mọ́ Urho lórí,
mẹ́rìndínlógún, bí ẹni ń di irun ọmọdé.
"Ẹ sùn, bàbá." Ó sùn.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀,
ẹyinjú arúgbó ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú,
ẹsẹ̀ kò mì; oorun ti dè é mọ́lẹ̀.
Lórí ẹ̀rọ, ìlà ń gun òkè, ó ń já wálẹ̀:
ara sùn, ọpọlọ ò sùn.

Ó jí i. "Kí lẹ rí?"
"Ọkọ̀ mi ń fọ́ yìnyín lójú òkun.
Helmi gbé kọfí wá.
Ó ní mo pẹ́."

Tuulikki kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú méjìlá.
Kò mọ ibi tí yóò kọ kọfí sí.
Urho ti lá àlá tán,
ó wá ń lá ètè.