Ẹ Má Gé Etí Àwòrán

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwòrán Ẹgbẹ́ Òṣèré Ayédọgbọ́n jọ,
ẹ kú iṣẹ́.
Èmi Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Ẹrẹ́jà, nílùú Iléṣà,
ni wọ́n ní kí n máa gbà á, kí n máa tò ó.
Igba ó lé ló ti dé.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má bínú.

Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò àtijọ́ lábẹ́ gílóòbù.
Ìmọ́lẹ̀ á jókòó síwájú orí òṣèré
bí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.
Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.
Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀. Ẹ má fi itọ́.
Mo mọ ẹni tó fi itọ́.

Fífẹ̀ rẹ̀ kó má dín ní ẹgbẹ̀rún píksẹ́lì.
Bí o ò bá mọ ohun tí ń jẹ́ píksẹ́lì,
ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ń bẹ nílé yín, bi í.

Ẹ má pè é ní "àwòrán tuntun", tàbí "àwòrán tuntun gan-an".
Mo ní "àwòrán tuntun gan-an" mẹ́tàdínlógún.
Ẹ kọ orúkọ eré, ìlú, ọdún,
àti àwọn tó wà níbẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún.
Bí ẹ ò bá mọ ọdún, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀.
Irọ́ tí a kọ sábẹ́ fọ́tò
a máa pẹ́ láyé ju ẹni tó pa á lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ojútaláyọ̀ ní Ìsọ̀kún,
ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi pupa kun ètè Ìyá Ayédọgbọ́n.
Dúdú àti funfun ni wọ́n yà á.
Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tẹ orúkọ ara yín gàdàgbà sáyà òṣèré
kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i gbé:
ọmọ òṣómàáló ni gbogbo wa lóòótọ́,
ṣùgbọ́n àwòrán kò jẹ yín lówó, ẹ dìde lóṣòó.

Èyí tó kù ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi ọ̀kan ránṣẹ́:
Ayédọgbọ́n lórí pèpéle, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkèèṣà,
ó la ẹnu, apá rẹ̀ méjèèjì ga.
Ó mọ́. Ó fẹ̀ tó bí mo ṣe wí.
Wọ́n ti gé gbogbo ohun tí kì í ṣe Ayédọgbọ́n kúrò,
àfi ní igun òsì, lókè,
níbi tí ìka mẹ́rin kù sí, tí wọ́n di àtùpà gáàsì mú.
Ìka kẹta kò ní èékánná.

Mo mọ ìka náà. Ó ti di okùn bàtà mi rí.
Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹgbẹ́ ló ká èékánná rẹ̀ lọ́nà Ìpetu,
kí wọ́n tó bí mi.
Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi gbé iná fún Ayédọgbọ́n.
Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ti káàdì ìdìbò,
òǹtẹ̀ ìjọba sì jókòó lé e lẹ́nu.

Mo bi ẹni tó fi ránṣẹ́: níbo ni ìyókù wà?
Ó ní òun ti pa á rẹ́. Ó ní igun yẹn ń ba àwòrán jẹ́.
N kò bá a jà. Òfin ló tẹ̀lé,
òfin tí èmi fúnra mi kọ léṣìí:
"Ẹ jẹ́ kí òṣèré kún ojú àwòrán."

Mo ti fa igi lé e.
Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, tòun ti etí tí ikán jẹ,
tòun ti ajá tó ń kọjá, àga tó dojú dé,
àti àtàǹpàkò ẹni tó yà á.

Mo fi ìka mẹ́rin náà sójú ewé kejìlélógójì.
Mo kọ sábẹ́ rẹ̀:
Láti òsì, Fátúyì Ọwóẹyẹ, agbéná.
Lẹ́yìn náà, Ayédọgbọ́n.
Ọdún: a ò mọ̀.