Ìmọ́lẹ̀ Wo?

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn wọn
ní òtẹ́ẹ̀lì Eladio, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Camelle.
Wọ́n á jáde tojú-toorun, báàgì á wọ̀ wọ́n lọ́rùn,
irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á wà léjìká wọn
bí ẹni gbé ọkọ́ lọ sóko ẹlòmíì.
"Ẹ rọra o," ni mo ń wí, "àpáta yìí kò mọ àlejò."

Iṣẹ́ mi nìyí: mo ń mú àwọn onífótò lọ wo òkun.
Ọgọ́rin yúrò lórí ẹnìkan. Kọfí wà níbẹ̀,
àmọ́ oòrùn kò sí nínú àdéhùn.
Òkun wa ní orúkọ tí kò ṣe é pè létí ọmọdé:
Etíkun Ikú. Àwọn tó sin ará ọkọ̀ tó rì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
àwọn tó ń yá àlejò ní yàrá ni kò jẹ́ ká yí i padà.

Mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé.
Bàbá mi Delmiro ló kọ́ mi, kì í ṣe nítorí fótò.
Pẹsẹ́bẹ ni òun ń họ lára àpáta,
ẹran kékeré oníkarahun tó rí bí èékánná ewúrẹ́,
tí àwọn ará Madrid ń fi owó gọbọi jẹ ní Kérésì.
"Má kọ ẹ̀yìn sí i," ó ní. "Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí òkun
ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Máa ka ìgbì.
Ẹ̀kẹta a máa ṣeré, ẹ̀karùn-ún a máa purọ́,
èyí tó bá dákẹ́ kó tó dé ni kí o sá fún."
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn ará Hamburg.
Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé.
N kò sọ èyí tí bàbá mi kò kà fún wọn.

Ní ìdájí kan nínú oṣù kẹwàá, kùrukùru ká ara rẹ̀ bí ẹní,
ojú ọ̀run pọ́n yòò lẹ́yìn ilé-iná,
omi fà sẹ́yìn, iyanrìn ń dán bíi dígí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Kámẹ́rà nìkan ló ń dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́.
Detlef, tó ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run láti ọjọ́ mẹ́ta,
fọwọ́ kàn mí léjìká.
"Sabela, ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan wà nínú àwòrán mi.
Ṣé ẹ lè ní kó yàgò díẹ̀? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Mo wò. Ìborùn dúdú, bàtà rọ́bà dé orúnkún,
ó ń fi àmúga onígi kó ewé òkun sínú bárò
fún oko kábéèjì rẹ̀.
Mo ké sí i ní èdè ilé.
Ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí.
"Kí ni wọ́n ń wá?"
"Ìmọ́lẹ̀ ni, Màmá."
"Ìmọ́lẹ̀ wo? Èyí tó ń mọ́ lójoojúmọ́ yìí?
Wọ́n sanwó fún un?"
Mo ní wọ́n san án. Ó rẹ́rìn-ín títí ewé fi bọ́ lórí àmúga.
"Wí fún un pé omi ń padà bọ̀,"
ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

"Ó ní rárá," ni mo wí fún Detlef. "Ìyá mi ni."
Ojú tì í. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, àpò ìwé ńlá kan dé láti Hamburg.
Wúrà ni omi, wúrà ni àpáta,
ìyá mi wà láàrin, ó kéré bí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀,
èyí tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ di òmíràn.
Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Kò wo ọ̀run, kò wo ilé-iná.
Ó fi ìka tí iyọ̀ ti jẹ tọ́ka sí ara rẹ̀.
"Sabela, ṣé báyìí ni ẹ̀yìn mi ṣe tẹ̀ tó?
Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó wà lára ògiri báyìí, lókè ìgò iyọ̀.
Nígbà míì mo máa ń bá a níwájú rẹ̀,
tí kò mọ̀ pé mo ti wọlé,
ó ń na ẹ̀yìn, ó ń na ẹ̀yìn.