Bẹ́ẹ̀dì Tí Kì Í Tutù

Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń sùn sí
nílé Màmá Eufẹ́míà, ní New Bedford,
èmi lóru, òun lọ́sàn-án.
Bí mo ti ń dìde ni Teodóró ń wọlé,
òwú ilé-iṣẹ́ bo irun rẹ̀
bí ẹni tó hu ewú lọ́mọ ogún ọdún.
Á ní, "Línò, o ṣé, o ti bá mi mú un gbóná,"
oorun á sì ti gbé e lọ
kó tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kejì.

Erékùṣù Brava la ti wá,
níbi tí òjò ń ṣe bí àna tó ń bínú:
bó bá yọjú lọ́dún yìí, ó tún di ọdún mẹ́ta.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì la lò nínú ọkọ̀ onígbòkun,
iyọ̀ lẹ́nu, èébì láyà.
Ewúrẹ́ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ tà kó tó rí owó ọkọ̀ san.
Teodóró ní òun á rà wọ́n padà.
Ó máa ń kà wọ́n lójú oorun,
kò kà kọjá ẹ̀ta rí.

Nígbà ìkórè, a ó fi ilé òwú sílẹ̀,
a ó lọ já èso pupa wẹ́wẹ́ lábàtà,
lórí orúnkún, nínú omi àárọ̀ tó ń géni jẹ.
Olóko ò mọ orúkọ wa, nọ́ńbà ló ń pè.
Teodóró ni Mẹ́tàdínlógún.

Ẹ má bi mí bóyá ó fẹ́ràn àsíá.
Bàtà ni wọ́n fi hàn án, bàtà awọ, tuntun,
àti ìwé kan tí yóò sọ pé ọmọ ìlú ni.
Ó ní, "Àlejò tó bá onílé ja ìjà onílé,
ṣé wọ́n á tún máa bi í níbi tó ti wá?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́.
Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ lọ́jọ́ náà ṣì há mi lọ́fun.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.
Teodóró kì í ṣe arọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká.
Ẹsẹ̀ dídá ló gbé e dé ilẹ̀ Faransé,
sínú kòtò tí ẹrẹ̀ mu ún dé itan.
Lẹ́tà kan péré ló kọ sí mi:
"Ó jọ àbàtà níbí, Línò, àmọ́ kò sí èso.
Sọ fún Màmá kó má fi àyè mi fún ẹlòmíì."

Wáyà dé lóṣù kẹwàá, èso ti pọ́n.
Theodore Loomer ni wọ́n kọ sí i.
Màmá Eufẹ́míà dá a padà fún ọmọ tó mú un wá:
"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí."
Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin nídìí ààrò.
Ọ̀la ẹ̀, ọmọ náà tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà wá.

Lóṣù méje lẹ́yìn náà ni ìwé ọmọ ìlú dé,
èdìdì wúrà lábẹ́ rẹ̀.
Lomba. Lẹ́tà máràárùn-ún pé.
Òkú ti di onílé.
Èmi tí mò ń mí, àlejò ni mo ṣì jẹ́.

Ìyá rẹ̀ ní kí àlùfáà bá òun kọ̀wé:
owó ọmọ òun dé, òun ti ra ewúrẹ́ mẹ́ta.
Wọ́n ń ké lóru. Wọn ò jẹ́ kóun sùn.

Ọmọkùnrin kan ti dé láti Fógo báyìí,
ilé òwú ló ń lọ lálẹ́.
Bẹ́ẹ̀dì ti ń gbóná padà.
Mi ò tíì bi í lórúkọ.