Yíyá Kì í Ṣe Rírà

Òjò ń pa àpótí náà ní èbúté Itajaí,
àpótí igi tó ga ju ọkùnrin méjì lọ,
wọ́n fi èdè Jámánì kọ ọ́ sí i lára pé kí a má dojú rẹ̀ délẹ̀.
Ẹ̀rọ tí ń wo inú ọmú ló wà níbẹ̀,
èyí tí ń rí kókó kí ọwọ́ tó kàn án.
Gbogbo òru tó bá sùn níbẹ̀,
owó ibùsùn ń gorí owó ibùsùn.
Èmi Valdecir ni mo ń gbé ìwé rẹ̀ kiri ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù.
Bàtà mi ti mu omi yó, ìwé nìkan ló gbẹ.

Adelmo, agbowó-orí ìpínlẹ̀, kò gbójú sókè.
"Mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún."
Mo ní, "Yíyá la yá a, a ò rà á."
Ó ní, "Ó wọlé àbí kò wọlé?"
Mo ní, "Ó wọlé."
Ó lu òǹtẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni yá, ọ̀rọ̀ kékeré ni rà,
owó tó wà láàárín wọn lè ra ilé.

Láti Lages lórí òkè, níbi tí yìnyín ti ń bo koríko láàárọ̀,
Dókítà Zulmira Kretzer pè mí:
"Obìnrin mọ́kànlélógójì ló ń dúró. Sọ fún un."
N kò sọ ọ́.
Òǹtẹ̀ kò létí.

A fi owó ìdúró sílẹ̀ nílé ẹjọ́, ẹ̀rọ gòkè lọ,
ẹjọ́ sì jókòó fún ọdún mẹ́rin.
Tarcila, agbẹjọ́rò wa, kì í pariwo:
"Olúwa mi, ta ló tà á? Ta ló rà á?
Ìwọ̀fà ń roko olówó, kò sọ ọ́ dẹrú.
Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ṣé ó lè ta ilẹ̀?
Ọjà tó bá pààrọ̀ olówó ni owó-orí yìí wà fún,
kì í ṣe ẹrù tó kàn rìnrìn àjò."

Adelmo dìde, ó ní,
"Bí gbogbo ẹrù bá ń jẹ́ àyálò,
kí la ó fi tún ọ̀nà Lages ṣe?"
Èmi tí mo bá àpótí gba ọ̀nà náà, tí táyà bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
mo wo ilẹ̀.

Adájọ́ ní kò sí títà, kò sí owó-orí.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi kún un pé,
"Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é ní tiyín, gbèsè á jí."

Lánàá ni lẹ́tà dé láti Jámánì:
àdéhùn parí, ẹ rà á tàbí kí ẹ dá a padà.
Mo gòkè lọ bá Zulmira.
Ibi tí àwọn obìnrin ń gbé èjìká lé lára ẹ̀rọ náà ti ń dán.
Ẹnìkan so òwú pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀,
kò sẹ́ni tó tú u.
Ọdún mẹ́rin la fi búra pé kì í ṣe tiwa.
Ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni, wọ́n ní.
Èyí ti bá wa lára mu.

Zulmira ti gé gègé lu tábìlì títí.
Ó fọwọ́ sí i.

Mo pe Adelmo. Ó gbé e.
Mo ní, "Ó ti wọlé wàyí."