Òkú Tó Ń Jẹ Iyán

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìwé ìròyìn náà dé Èfọ̀n,
ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà, etí rẹ̀ ti ká.
Ọmọ Fálúyì tó ń ta bẹntiróòlù ló gbé e sáré wá:
"Tíṣà, orúkọ yín wà níbẹ̀!"
Mo wọ awò ojú. Mo pe Ìbídùn láti ilé ìdáná,
mo ní kó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ọkọ rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Fámákinwá kò yìn mí.
Ó ní ìwé mi dà bí ilé tí bíríkìlà kọ́ láìta okùn.
Ó ní mò ń kọ "ulé" níbi tí ọ̀mọ̀ràn ń kọ "ilé",
"uṣu" níbi iṣu,
bí ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí.
Èmi tí mo fa ṣọ́ọ̀kì símú fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n!
Ó ní igi tí wọ́n gé fi ṣe bébà rẹ̀ kú lásán.
Ohùn mi ti ń kà á sókè, kò ṣeé dá dúró mọ́.
Ìbídùn gbọ́ ọ tán. Ó padà sídìí ọbẹ̀.

Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni mo fi owó ìfẹ̀yìntì tẹ̀ ní Adó.
Igba ó lé mọ́kànlá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Lóru ọjọ́ náà mo ń gbọ́ wọn nísàlẹ̀ mi,
bí iṣu tó ń jẹrà ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó bo ṣọ́ọ̀ṣì, ó bo títì.
N kò jáde fún ọjọ́ mẹ́rin.
Mo ní ibà ni.
Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́sàn-án sí Ọ̀mọ̀wé,
mo bú u láti ìkíní dé ìkẹjọ,
ní ìkẹsàn-án mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀wé.
Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti dúró.
Ìyá tèmi náà kò mọ̀wé.
Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í há ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Tábìlì dúró gbọn-in.
Nǹkan tí mo kọ tó wúlò jù lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ.
Láàárín èébú, Ọ̀mọ̀wé bi ìbéèrè kan,
èyí tí mo fò nígbà tí mò ń kà á fún Ìbídùn:
"Báwo ni Bàbá Adélúsì, tí wọ́n sin ní orí kẹta,
ṣe ń jẹ iyán ní orí keje?"
Mo dìde lóru. Mo tan àtùpà. Mo ṣí orí keje.
Òótọ́ ni.
Òkú jókòó. Ó bu òkèlè. Ó tilẹ̀ ní ẹran kò tó.

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro mí.
Òkò ni wọ́n sọ lù mí, mi ò jiyàn;
ṣùgbọ́n nígbà tí mo wolẹ̀,
ọ̀kan nínú òkò náà, èkùrọ́ ni: ó ṣeé pa jẹ.

Ṣùgbọ́n "ulé" ò níí di "ilé" o.
Ulé ni ìyá mi ń pè é nígbà tó ń gbá a,
ulé ni òrùlé rẹ̀ jò lé wa lórí,
mi ò lè torí Ọ̀mọ̀wé kẹ́rù kúrò níbẹ̀.
Ó sì ń dùn mí. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kì í dùn.
Dòní, bí mo bá rí orúkọ Fámákinwá
lára bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà,
mo máa ń rọra jẹ́ kí epo kán sí i.

Ìbídùn jí, ó bá mi tèmi ti bírò pupa.
"Kí lẹ ń ṣe lóru yìí?"
"Mo fẹ́ lé òkú kúrò nídìí iyán."
Ó gba ìwé náà, ó kà á lábẹ́ iná, ètè rẹ̀ ń mì.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ẹ sún ikú rẹ̀ síwájú," ló wí.
"Ẹ jẹ́ kó j'uyán rẹ̀ tán ná."